Ẹ̀dà Mẹ́rin fún Dàńṣíkí Kan: Bí Aránṣọ Inú Fíìmù Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Ẹ jẹ́ ká mú ìran kan nínú eré ogun. Wọ́n fi idà ṣá akọni lápá, dàńṣíkí rẹ̀ fà ya, ẹ̀jẹ̀ sì rin ín gbingbin. Àwa tí à ń wò ó nílé rí aṣọ kan ṣoṣo lára ọkùnrin kan ṣoṣo. Ní lókéṣọ̀n, ibi tí wọ́n ti ń ká eré sílẹ̀, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ó lè jẹ́ ọjọ́ Ajé ni wọ́n ká ìran ọgbẹ́ yẹn sílẹ̀, kó wá jẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ká èyí tó ṣáájú rẹ̀ nínú ìtàn, níbi tí akọni ti ń jẹun lọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀ nínú dàńṣíkí kan náà, tí kò tíì ya, tí ẹ̀jẹ̀ kò tíì kàn án. Aṣọ tó ya lọ́jọ́ Ajé kò ní sàn kó tó di Ọjọ́bọ̀. Olùdarí sì lè sọ pé ìṣá idà náà kò tíì tẹ́ òun lọ́rùn, kí wọ́n tún un ṣe. Kí ẹnikẹ́ni tó tan kámẹ́rà, ẹnì kan ti ní láti jókòó sídìí ẹ̀rọ, kó rán dàńṣíkí náà ní ẹ̀dà mẹ́rin ó kéré tán: èyí tó mọ́ tónítóní, èyí tí idà máa ya lójú kámẹ́rà, èyí tó ti ya tó sì ti kún fún ẹ̀jẹ̀, àti ti ẹni tó ń ja ìjà náà dípò òṣèré.

Iṣẹ́ ẹni yìí ni mo fẹ́ ṣàlàyé. Aránṣọ àdúgbò ń rán aṣọ, oníbàárà á wá gbé e, ó parí. Aránṣọ inú fíìmù ń rán gbogbo ìgbésí ayé aṣọ kan, láti ìgbà tó wà ní titun títí dìgbà tó di àkísà, ó sì gbọ́dọ̀ ní gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà nípa èyí tí wọ́n máa pè láàárọ̀ ọ̀la.

Owó ló fà á tí wọn kì í fi ká eré sílẹ̀ bí ìtàn ṣe ń lọ. Bí ìran mẹ́wàá bá wà láàfin, ọjọ́ tí wọ́n bá háyà ààfin ni wọ́n máa ká mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ì báà jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn, ì báà jẹ́ òpin rẹ̀. Bí òṣèré ńlá kan bá ní ọjọ́ mẹ́ta péré láti fi sílẹ̀, gbogbo ibi tó ti máa yọjú nínú eré ni wọ́n máa kó sínú ọjọ́ mẹ́ta yẹn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé orí ìwé eré ni iṣẹ́ aránṣọ ti ń bẹ̀rẹ̀, kó tó dé orí aṣọ.

Ní Hollywood àti nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀ka aṣọ pín sí yàrá yàrá. Olórí wọn, aṣètò aṣọ, ló ń bá olùdarí jíròrò, tó ń ya àwòrán, tó ń yan àwọ̀. Ẹlòmíràn ń ṣọ́ owó àti ọjọ́. Ẹlòmíràn ń gé aṣọ, aránṣọ á wá rán ohun tí wọ́n gé. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n sọ aṣọ titun di ogbó, àwọn kan sì wà ní lókéṣọ̀n tí ń wọṣọ fún òṣèré. Orúkọ olórí ni aráyé máa ń gbọ́. Ruth E. Carter gba ẹ̀bùn Oscar ní 2019 fún aṣọ inú Black Panther, ó tún gba òmíràn ní 2023 fún apá kejì eré náà, kò sì sí obìnrin aláwọ̀ dúdú tó gba Oscar méjì rí kó tó kàn án. Adé tí ayaba Ramonda dé nínú eré yẹn, tí wọ́n wo fìlà isicholo àwọn abilékọ Zulu ṣe, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi yà á, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D ló sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ohun ìyanu ni. Síbẹ̀, abẹ́rẹ́ àti òwú ló gbé èyí tó pọ̀ jù nínú aṣọ eré bẹ́ẹ̀ ró, ọwọ́ àwọn ènìyàn tí orúkọ wọn ń sáré kọjá nígbà tí gbogbo wa ti dìde kúrò lórí àga ló sì rán an.

Lọ́dọ̀ tiwa, yàrá kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ sábà máa ń jẹ́. Obìnrin kan náà ló ń lọ ra aṣọ ní ọjà Balógun, tó ń lọ sí Ìsẹ́yìn fún aṣọ òkè àti Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta fún àdìrẹ, òun ló ń gé e, òun ló ń rán an, òun ló ń fọ̀ ọ́ lóru, tó sì ń lọ̀ ọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní lókéṣọ̀n, wọ́n lè máa pè é ní Àǹtí Kọ́ọ̀sítúùmù, kí ẹlòmíràn tí kò mọ̀ ọ́n máa pè é ní Ìyá Aláṣọ. Ìpè kan náà ni, òun náà ló máa dáhùn.

Bó bá gba ìwé eré, ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré kọ́ ló ń kà. Ọjọ́ ló ń wá. Ìtàn lè gba ọdún mẹ́wàá, àmọ́ ọjọ́ tí a fojú rí nínú rẹ̀ lè má ju ogún lọ. Ogún ọjọ́ yẹn ló ń kọ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, tó sì ń kọ ẹni tó wọ aṣọ wo lọ́jọ́ wo sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ipò tí aṣọ náà wà: ó mọ́ ni, ó dọ̀tí ni, òjò ti pa á ni, ọ̀kan nínú bọ́tìnì rẹ̀ ti já ni. Ẹ wo Sáro nínú Aníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde ní 2022. Ahunṣọ òkè ni ọkùnrin náà. Àlejò tálákà ló bá wọ Ọ̀yọ́, olorì wá fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n lù ú pa, ó jí, ó di gbajúmọ̀ àti olówó, ìgbéraga sì ré e lulẹ̀. Aránṣọ tí wọ́n bá gbé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ fún ti rí i pé aṣọ ní láti máa gòkè pẹ̀lú ọkùnrin yìí ní ìpele ìpele. Bí a bá pa ohùn eré bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀, ká máa wo aṣọ nìkan, ó yẹ ká mọ ibi tí ìtàn dé.

Lẹ́yìn ìwé ló kan ìwọ̀n. Ìwọ̀n tó ń gbà pọ̀ ju èyí tí wọ́n ń kọ ní ṣọ́ọ̀bù lọ. Yàtọ̀ sí àyà, ìbàdí, èjìká àti gígùn apá, ó ń wọn ọrùn, ọrùn ọwọ́, itan, orúnkún, yíyíká orí nítorí fìlà, àti gígùn ẹ̀yìn nígbà tí òṣèré bá jókòó. Ó tún ń bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi aṣọ náà ṣe. Ṣé ó máa gun ẹṣin? Ṣé ó máa gbé ọmọ pọ̀n? Ṣé wọ́n máa sọ ọ́ sódò? Eré Yorùbá sì kún fún ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀. Ọkùnrin tó bá dọ̀bálẹ̀ fún ọba léraléra láàárọ̀ kan, nítorí pé olùdarí ń fẹ́ ẹ láti ọ̀tún, láti òsì àti láti òkè, ọrùn bùbá rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣí débi tí síńgílẹ́ẹ̀tì òde òní á fi yọjú. Obìnrin tó bá ń kúnlẹ̀, tó ń dìde, ìró rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ tú. Torí náà, níbi ìdánwò aṣọ, aránṣọ tó mọṣẹ́ kì í jẹ́ kí òṣèré dúró gbagidi níwájú dígí. Á ní kó bẹ̀rẹ̀, kó jókòó sílẹ̀, kó na apá sókè bí ẹni tó fẹ́ ju ọ̀kọ̀.

Níbi gígé aṣọ ni mo ti fẹ́ dúró pẹ́ díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn télọ̀ wa tó mọṣẹ́ gan-an ti máa ń kọsẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá bá oníṣẹ́ fíìmù ṣe é. Gígé lójú ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn mọ̀. Wọ́n á tẹ́ aṣọ sílẹ̀, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà díẹ̀, àlùmọ́gàjí á sì wọlé. Ọ̀nà náà yá, ẹwà sì wà nínú rẹ̀, mo bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá fi ọwọ́ gé dàńṣíkí mẹ́rin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọrùn ọ̀kan á fi díẹ̀ gbòòrò ju ti ìkejì lọ, apá ìkẹta á sì fi díẹ̀ kúrú. Bí wọ́n bá so ìran ọjọ́ Ajé pọ̀ mọ́ ti Ọjọ́bọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ọrùn aṣọ á máa fẹ̀, á tún máa súnkì lójú òǹwòran láàárín ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Fún iṣẹ́ yìí, pàtáánì orí bébà kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Aránṣọ á gé bébà líle ní ìwọ̀n òṣèré, á kọ orúkọ ipa tó ń kó sí i lára, á kọ́kọ́ fi aṣọ funfun pọ́ọ́kú rán èyí tí òṣèré máa dán wò, á tún bébà náà ṣe níbi tó bá yẹ, ìgbà náà ló tó fọwọ́ kan ojúlówó aṣọ. Gbogbo ẹ̀dà á sì ti inú bébà kan náà jáde.

Ó tún ní láti ra aṣọ gbogbo ẹ̀dà lọ́jọ́ kan náà, lára ìdì kan náà. Aró inú ìkòkò àná kò bá ti òní dọ́gba, kódà aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ń yàtọ̀ láti ìdì dé ìdì. Àdìrẹ ló nira jù. Bó bá jẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni, ọwọ́ ló fi ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ ya ẹyẹ tó wà lára rẹ̀, kò sì sí ẹyẹ méjì tó jọ ara wọn délẹ̀délẹ̀. Aránṣọ á máa tẹ́ aṣọ náà síbí, á máa tẹ́ ẹ sọ́hùn-ún, títí tó fi máa rí ẹyẹ tó máa bọ́ sí àyà òsì nínú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Aṣọ tó máa ṣòfò níbẹ̀ kò kéré. Àwọn tó ń sanwó fíìmù kì í fẹ́ gbọ́ eléyìí, àmọ́ òtítọ́ iṣẹ́ náà ni.

Nínú aṣọ, níbi tí ojú kò dé, ó máa ń fi àlékún sílẹ̀ ní ojú ìrán, ìnǹṣì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òṣèré lè sanra láàárín oṣù méjì, ó lè rù. Wọ́n lè gba ipa náà lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn. Àlékún yẹn ni wọ́n á tú, aṣọ á sì bá ẹni titun mu. Ti ẹni tó ń ja ìjà dípò òṣèré máa ń tóbi díẹ̀ ju ti òṣèré fúnra rẹ̀ lọ, nítorí tìmùtìmù tó ń gbà á lọ́wọ́ ìpalára tàbí bẹ́líìtì tí wọ́n fi so ó mọ́ okùn máa wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n á dá ihò síbi tí okùn máa gbà jáde, wọ́n á sì rán etí ihò náà dáadáa kó má baà ya. Lábẹ́ apá, wọ́n á fi ègé aṣọ onígun mẹ́rin kan sí i kí ọwọ́ lè ròkè láìgbé gbogbo aṣọ dání.

Kámẹ́rà náà ní ìwà tirẹ̀, aránṣọ sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó fara kínra máa ń jó, ó máa ń gbọ̀n lójú kámẹ́rà fídíò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ènìyàn rí i bó ṣe dúró jẹ́ẹ́. Ẹtù, tó jẹ́ ọ̀kan nínú aṣọ òkè tó níyì jù lọ, irú ìlà bẹ́ẹ̀ ló ní. Ó yẹ kí wọ́n gbé ègé rẹ̀ síwájú kámẹ́rà kí wọ́n tó fowó sí i. Funfun tó mọ́ jù máa ń tàn débi tí ojú òṣèré aláwọ̀ dúdú á fi ṣókùnkùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń rì í sínú omi tíì kó lè rọ̀ díẹ̀. Kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Nínú The Wizard of Oz ti ọdún 1939, bùláòsì tó funfun lójú wa lára òṣèrébìnrin Judy Garland kì í ṣe funfun gidi, nítorí pé funfun kò bá ìlànà àwọ̀ Technicolor mu.

Etí tún wà níbẹ̀. Gúínì tí wọ́n lù dáadáa ń dún bí òṣèré bá mira, gèlé líle ń dún létí, máìkì kékeré tí wọ́n fi pamọ́ sí àyà sì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Aránṣọ á fi aṣọ rírọ̀ ṣe láínìn síbi tí aṣọ ti ń ha ara wọn, á sì rán àpò kékeré kan sẹ́yìn ìdí fún bátìrì máìkì. Òṣèrébìnrin tó ró ìró lásán kò ní ibi tó máa fi bátìrì yẹn sí bí aránṣọ kò bá ti rò ó tẹ́lẹ̀.

Bí eré bá jẹ́ ti ayé àtijọ́, iṣẹ́ á tún jinlẹ̀ sí i. Isaac Singer gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní 1851. Eré tó bá ń sọ nípa Ọ̀yọ́ kí ìyẹn tó dáyé, ojú ìrán tí ẹ̀rọ ṣe kò yẹ kó hàn níbi kankan tí kámẹ́rà lè sún mọ́. Ohun tí àwọn aránṣọ tó mọṣẹ́ ń ṣe ni pé wọ́n á fi ẹ̀rọ rán ti inú, tí kò ní hàn, wọ́n á sì fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ rán ọrùn, ìṣẹ́tí àti etí àpò. Sípù kò sí nígbà náà, àmọ́ wọ́n lè fi ọ̀kan pamọ́ sábẹ́ ìṣẹ́po aṣọ bí òṣèré bá ní láti pààrọ̀ aṣọ kíákíá. Àǹkárá tí gbogbo wa fẹ́ràn, ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn ará Holland bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Vlisco, tó lókìkí jù nínú wọn, bẹ̀rẹ̀ ní Helmond ní 1846. Léèsì tó ń ti Austria wá, àwọn ọdún 1960 ló gbòde láàárín wa. Nígbà tí mo bá rí olorì Aláàfin ayé àtijọ́ nínú àǹkárá, ó máa ń dùn mí, nítorí pé ẹni tó wò ó lókèèrè máa gbà pé bí àwọn baba wa ṣe wọṣọ nìyẹn.

Eré tó bá sún mọ́ wa ní òfin tirẹ̀. October 1, tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde ní 2014, tí Deola Sagoe ṣètò aṣọ rẹ̀, ọdún 1960 ló dá lé. Nínú irú eré bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ ti wà, bọ́tìnì ti wà, kákí àwọn ọlọ́pàá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì ti wà. Ibi tó ti le ni pé àwọn àgbàlagbà tó wọ aṣọ ìgbà náà ṣì wà láàyè, wọ́n sì máa mọ̀ bí kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì bá gùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Aṣọ òkè fúnra rẹ̀ nílò ọwọ́ tó yàtọ̀. Ní òfì tóóró ni wọ́n ti ń hun ún, fífẹ̀ rẹ̀ máa ń jẹ́ bí ìnǹṣì mẹ́rin, etí sí etí ni wọ́n sì ń rán an pọ̀ kó tó di aṣọ. Èyí túmọ̀ sí pé aránṣọ ti ń rán kó tó gé. Bó bá wá gé e, òwú rẹ̀ á fẹ́ máa tú láti etí, torí náà ó gbọ́dọ̀ yára fi ẹ̀rọ wíífìn gba etí náà, kó sì bo wíífìn náà mọ́lẹ̀ kó má baà hàn. Bí ìlà ara aṣọ lápá òsì àti lápá ọ̀tún kò bá pàdé lógbọọgba ní àyà agbádá, gbogbo ilé ló máa rí i. Sányán tó ní àwọ̀ iyanrìn, tí òwú kòkòrò inú igbó wà nínú rẹ̀, àlàárì pupa, ẹtù aláró: ìyàtọ̀ wọn ń sọ ipò ẹni tó wọ̀ wọ́n, aránṣọ tó bá fi òwú tó ń dán yinrin òde òní dípò wọn nínú eré ayé àtijọ́ ti ba ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́. Aṣọ òkè sì wúwo, ó ń móoru. Òṣèré tó máa wọ̀ ọ́ nínú oòrùn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ nílò láínìn òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó máa fa òógùn rẹ̀ mu.

Iṣẹ́ kan wà tí òǹwòran kì í mọ̀ rárá, òun ló sì wù mí jù. Agbádá máa ń yọ̀ lórí èjìká, ẹni tó wọ̀ ọ́ á sì tún un ká. Láyé, ẹwà nìyẹn. Nínú fíìmù, wàhálà ni: bó bá ká a lẹ́ẹ̀mejì nígbà àkọ́kọ́, tó wá ká a lẹ́ẹ̀kan nígbà kejì, ìran méjèèjì kò ní so pọ̀ mọ́. Nítorí náà, nígbà tí ìran kò bá béèrè pé kó ká a, aránṣọ á fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ gán apá agbádá mọ́ èjìká ní ojú mélòó kan tí kò hàn. Bákan náà ni ìró. Á ti fi okùn àti húùkù sí inú rẹ̀, kí ìṣẹ́po rẹ̀ lè máa bọ́ sójú kan náà lójoojúmọ́. Gèlé ńkọ́? Á wé e lẹ́ẹ̀kan lórí òṣèré, á yà á ní fọ́tò, á wá fi abẹ́rẹ́ rán gbogbo ìṣẹ́po rẹ̀ mọ́ra wọn, kó di ohun tí wọ́n kàn ń dé bíi fìlà. Ìlẹ̀kẹ̀ ara aṣọ àti ti ara adé, okùn náílọ́ọ̀nù líle ló fi ń sín in, nítorí pé ìlẹ̀kẹ̀ kan tó bá já láàárín iṣẹ́ lè dá gbogbo lókéṣọ̀n dúró.

Àwa Yorùbá kì í ṣe àjèjì sí irú ọgbọ́n yìí. Eégún apidán àwọn alárìnjó a máa pa aṣọ dà lójú agbo, tí ohun tó wà nínú á di òde kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Ẹni tó rán irú ẹ̀kú bẹ́ẹ̀ ti mọ̀ pé aṣọ eré ní inú méjì, àti pé ibi tí ojú ìrán wà ni idán wà.

Lẹ́yìn tí aṣọ bá ti dára tán ni wọ́n á wá bà á jẹ́. Àgbẹ̀ kì í wọ aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà dé lọ sóko. Wọ́n á fọ̀ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n á fi bébà oníyanrìn ha ìgbọ̀nwọ́, orúnkún àti etí àpò, wọ́n á fi tíì àti erùpẹ̀ pupa kùn ún níbi tí ilẹ̀ ti máa ń kàn án, wọ́n á fi òróró díẹ̀ sí ọrùn níbi tí òógùn ti ń dé. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe á kàn da ẹrẹ̀ sí gbogbo ara aṣọ. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á kọ́kọ́ béèrè pé iṣẹ́ wo ni ẹni yìí ń ṣe. Ìdí ni aṣọ ahunṣọ ti ń gbó, èjìká ni ti aláàárù, iwájú ni ti ẹni tó ń gún iyán. Ẹ̀jẹ̀ náà ní òfin: omi ṣúgà tó ki àti àwọ̀ pupa ni wọ́n sábà ń fi ṣe é, ó sì gbọ́dọ̀ dé ibi kan náà lára gbogbo ẹ̀dà tó bá ní ẹ̀jẹ̀. Fọ́tò tí wọ́n yà lára ẹ̀dà àkọ́kọ́ ni wọ́n máa wò ṣe ìyókù.

Ní lókéṣọ̀n, aránṣọ kì í jìnnà sí kámẹ́rà. Abẹ́rẹ́ tó ti ní òwú lójú, ní àwọ̀ oríṣiríṣi, máa ń wà lára àpò tó so mọ́ ìbàdí, pẹ̀lú pínnì, àlùmọ́gàjí kékeré àti tépù tó ń lẹ̀ lójú méjèèjì. Bí ṣòkòtò bá fà ya nígbà tí òṣèré fẹ́ gun ẹṣin, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ní, ara òṣèré ni aṣọ náà sì máa wà nígbà tó bá ń rán an. Kí òṣèré tó lọ, á ya fọ́tò rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn: bọ́tìnì mélòó ló ṣí, fìlà tẹ̀ sí apá ibo, ìlẹ̀kẹ̀ wo ló wà lókè. Ìwé àti fọ́tò yẹn ni gbogbo ènìyàn máa sá tọ̀ bí àríyànjiyàn bá dé.

Bí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á fọ aṣọ, wọ́n á kọ orúkọ sí inú rẹ̀, wọ́n á kó o pamọ́. Ẹ má fojú kékeré wo orúkọ yẹn. Ní 2021, wọ́n rí ọ̀kan nínú àwọn aṣọ tí Judy Garland wọ̀ nínú The Wizard of Oz ní Catholic University of America ní Washington. Lára ohun tí wọ́n fi dá a mọ̀ ni orúkọ òṣèré náà tí wọ́n fi ọwọ́ kọ sí inú rẹ̀, àti àpò ìkọ̀kọ̀ kan lápá ọ̀tún fún hańkíṣíìfù. Ẹni tó rán àpò yẹn lábẹ́ aṣọ ní bí ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn ló jẹ́rìí sí i. Ní London, ilé iṣẹ́ Angels, tó ti ń ṣòwò aṣọ láti 1840, tó sì ń fi aṣọ eré háyà, ní ìrírí tirẹ̀. Ẹ̀wù tí òṣèré Alec Guinness wọ̀ nínú Star Wars ti 1977 so kọ́ láàárín àwọn aṣọ háyà wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí ẹni tó mọ̀ ọ́n, tí àwọn ènìyàn ń háyà rẹ̀ lọ, tí wọ́n sì ń dá a padà. Nígbà tí wọ́n wá rí i, wọ́n tà á ní gbàǹjo ní 2007 ní 54,000 pọ́n-ùn.

Níbí, aṣọ eré tí ì bá wúlò fún ogún ọdún máa ń parẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ kan ṣoṣo. Òmíràn kò tilẹ̀ sí láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ní ọ̀pọ̀ fíìmù olówó kékeré, wọ́n ń sọ fún òṣèré pé kó mú aṣọ tirẹ̀ wá láti ilé. Ẹni tó ní kọ́bọ́ọ̀dù tó kún ló máa dà bí ọba, ẹni tí kò ní á wọ ohun tó bá rí. Mo mọ̀ pé owó kò pọ̀. Ṣùgbọ́n mo rí i pé bí owó bá tilẹ̀ wà, ìgbà tó bá ku ọjọ́ díẹ̀ kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n máa ń rántí ẹ̀ka aṣọ, ìgbà náà ni wọ́n á wá ní kí obìnrin kan rán ogójì aṣọ ní ọ̀sẹ̀ kan. Kò sí ọwọ́ tó lè fi abẹ́rẹ́ ṣe ọrùn ogójì aṣọ ní ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀rọ ló máa lò, ẹ̀rọ ló sì máa hàn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ, tí fíìmù sì wù, ẹ kọ́ pàtáánì orí bébà mọ́ gígé lójú ọwọ́, ẹ kọ́ ìrán ọwọ́ dáadáa, kí ẹ sì ra ìwé kan tí ẹ ó máa kó ìwọ̀n àti fọ́tò gbogbo aṣọ tí ẹ bá ṣe sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé fíìmù jáde, ẹ fún aránṣọ yín ní ìwé eré kíkún kí ẹ tó mú ọjọ́ iṣẹ́, ẹ ka owó ẹ̀dà aṣọ mọ́ ìnáwó láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ wá yàrá kan tí kò jò tí ẹ ó máa kó aṣọ sí lẹ́yìn iṣẹ́, kí ẹ sì kọ orúkọ aránṣọ náà sí ìparí eré.